Gìtá Tí Kò Lórúkọ

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbàrọgùdù ni?"

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń tún gìtá ṣe ni ọlọ́jà gbé gìtá náà wá. Owó pọ́ọ́kú, kò sẹ́ni tó mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ọ̀gá wo ọrùn rẹ̀, ó tọ́. Ó ta okùn rẹ̀, ohùn ń lọ rére.

"Pákó àtijọ́ ni. Obì tó bá gbó ló ń pẹ́ lápò."

"Kí n kó ogún irú rẹ̀ wá tà nìyẹn?"

Ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò gìtá.

"Má kó wọn. Fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín tán!"

Ọ̀gá tún tan ìmọ́lẹ̀ sínú ihò náà.

Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dà kò dé, ìlà pẹ́ńsùlù mẹ́rin wà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ìyàwó ọ̀gá: ọdún kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Pákó ilẹ̀kùn tí ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn gíga ọmọ wọn ni wọ́n fi ṣe gìtá náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ tà, lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ọmọ náà.