Ibi Tí Wọ́n Sin Khiem Sí

Lọ́jọ́ Ajé ni Toan, arúgbó tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Toan, wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Kon Tum. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ fún Diep, ọmọbìnrin tó ń bójú tó àwòrán ilẹ̀, pé òun ń wá sàréè ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Khiem. Ọdún 1972 ni wọ́n sin ín sínú igbó tó wà lókè odò. Wọ́n ti wá kọ́ ìsédò sí ìsàlẹ̀ odò náà, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tì í pa, omi yóò sì bo gbogbo ibẹ̀.

Diep ka ọjọ́ lórí ìka. "Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí?"

"Nínú igbó yẹn náà ni. Ọdọọdún ni mò ń lọ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bí òkété. Mi ò rí nǹkan kan."

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lára ògiri. Àwọn àwòrán tí ọkọ̀ òfuurufú yà nígbà ogun wà nínú rẹ̀, àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e, títí dé tòde òní, ọ̀kan lé orí èkejì. Bí èèyàn bá fi ìka wọ́ ojú rẹ̀ sósì, ọ̀nà ọ̀dà á parẹ́, oko kọfí á di igbó, ihò bọ́ǹbù á yọ láàárín igbó. Bàbá Toan wọ́ ọ sósì títí ó fi kan ọdún 1972. Ó ń tẹ ìka mọ́ ọn gan-an.

"Ẹ rọra," Diep ní. "Ẹ ò kúkú máa fa ẹfọ̀n."

Àmì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn bàbá náà: àpáta kan tó rí bí ẹ̀yìn erin, lápá ìwọ̀ oòrùn odò, igba ìṣísẹ̀ sí etí omi. Wọ́n wá a lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àpáta pọ̀ lójú àwòrán náà, ṣùgbọ́n láti òkè, kò sí èyí tó jọ ẹ̀yìn erin.

Diep mú ìwé jáde. "Ìbátan Khiem wo ló máa fọwọ́ sí i? Àwọn sójà tó ń hú egungun òkú ogun ò ní gbẹ́lẹ̀ láìsí ìyẹn."

"Kò ní ẹnì kankan. Ọmọ òrukàn ni."

"Ta ló wá ń wá a?"

"Ìyá mi."

Ìyá Toan ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Abúlé rẹ̀ àtijọ́ jóná ráúráú nígbà ogun, àárín àjèjì ni òun àti Toan ti wá tún ayé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ní báyìí, ó ti di ọjọ́ karùn-ún tí kò jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: "Lọ gbé ọmọ mi wá fún mi." Nígbàgbọ́ wọn, òkú tí ẹnikẹ́ni kì í tan tùràrí fún, ebi ní í máa pa á kiri inú igbó, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìyá náà lè kú.

"Ọmọ wọn kẹ̀?" Diep ní. "Ṣebí ẹ̀yin lọmọ wọn?"

"Nílé tiwa, ọ̀rẹ́ ọmọ, ọmọ ni."

Diep kọ "ọ̀rẹ́ ìdílé" sínú ìwé, bàbá náà sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́rú, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ìyá ò mu omi mọ́. Bàbá Toan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó sunkún, kò sì bojú. Diep gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé sí iwájú rẹ̀. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá dákú síbí, èmi ni wọ́n máa bi."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Diep ń wọ́ àwòrán náà síwájú, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Láàárín 1978 sí 1979, ó dáwọ́ dúró. Ó wọ́ ọ padà, ó tún wọ́ ọ síwájú.

"Bàbá, ẹ wò ó. Odò yìí ti yí ipa padà."

Àgbàrá ọdún náà ti gbé odò lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ó sì ti ru iyẹ̀pẹ̀ bo àpáta mọ́lẹ̀. Ibi tí bàbá náà ti ń gbẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò sún mọ́ sàréè rárá. Ní ọ̀gangan ibi tó ti ń gbẹ́, Diep ka igba ìṣísẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn láti etí odò àtijọ́. Àárín oko kọfí kan, lápá ìlà oòrùn odò tòní, ló já sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn sójà tó ń kó egungun àwọn tó kú sógun gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí ihò jìn tó gígùn apá èèyàn, wọ́n kan àpáta. Lẹ́bàá rẹ̀ ni egungun wà, àti ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ìda dí. Nígbà ogun, ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bó bá kú. Ọ̀gá wọn fa bébà inú rẹ̀ yọ, ó kà á sókè: Khiem.

"Òun náà ni," Diep ní, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Bàbá Toan fi ọtí ìrẹsì fọ egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ pupa wé e, ó tò ó sínú àpótí amọ̀. Ó pe ilé. Ìyá ṣì ń mí. Ọ̀gá àwọn sójà ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà láti kọ orúkọ sára àpótí, ni bàbá náà bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má kọ Khiem, Toan ni kó o kọ," ó ní. "Èmi ni Khiem, mo pààrọ̀ ìgò wa kí n tó sin ín, torí pé òun ló ní ìyá tó ń retí ọmọ nílé, ọjọ́ tí mo sì ti wọlé tọ ìyá náà lọ ni ìyá ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni Toan."