Òórùn Ẹja Nínú Ọkọ̀ Tí Kò Sí Ẹja

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀ yín lónìí.

Nọ́síràtù Àjàgbé, ọmọ Òṣogbo, ni wọ́n ṣẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́.

1.

Ọ̀gá Ajíbádé ra bọ́ọ̀sì gígùn kan, ó sọ ọ́ di ilé. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, ó kọ́ ilé ìdáná kékeré sí i, ó gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù sínú rẹ̀. Àwọn àlejò tó wá wo Igbó Ọ̀ṣun ló ń fi í háyà fún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Nọ́síràtù ló ń se oúnjẹ fún wọn. Mukhtar, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, ló ń wa ọkọ̀. Nígbà tí kò bá sí àlejò, inú ọkọ̀ náà ni Mukhtar ń sùn, nítorí kò tíì ní ilé.

Kò sí kòtò lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà tí ọkọ̀ yìí kò mọ̀. Bó ṣe ń já sínú kòtò, bẹ́ẹ̀ ni ìdè àwọn wáyà inú ògiri rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ògiri wò.

2.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n kó àlejò lọ sí Iléṣà, amúlétutù kú lójijì. Fíùsì ti jó. Mukhtar fi òmíràn sí i. Kò pẹ́, ìyẹn náà jó. Ooru mú, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mukhtar yíjú sí ọ̀gá:

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pe oníṣẹ́ iná kó wá wò ó."

"Kó wá máa tú ọkọ̀ mi palẹ̀ lójú àlejò? Gbé wáyà yẹn wá."

Ọ̀gá gé wáyà bàbà kan, ó ká a, ó kì í bọ ibi tí fíùsì ń gbé. Amúlétutù jí. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́.

"Ó parí. Èyí ò ní jó mọ́ láéláé."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: fíùsì kì í jó nítorí pé ó ya ọ̀lẹ. Ó ń jó kí ilé má bàa jó ni. Igbe ló ń ké. Ọ̀gá dí i lẹ́nu.

3.

Láti ìgbà náà ni òórùn kan ti gba inú ọkọ̀, bí ẹja tó ń bàjẹ́. Àlejò kan di imú mú: "Ṣé orí ẹja la sùn ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá yíjú sí Nọ́síràtù, nítorí ẹja gbígbẹ kì í wọ́n nínú agbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ibo lo kó o pamọ́ sí?"

"Ọ̀gá, wàláì, ẹja mi kì í rùn báyìí. Ara ògiri yìí ló ti ń wá. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbóná."

"Ògiri wá ń rùn bí ẹja? Ṣé ẹja ni mo fi kọ́ ọkọ̀ mi?"

Ó da ẹja rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òórùn kò lọ. Ó fọ́n lọ́fínńdà káàkiri. Òórùn kò lọ. Níkẹyìn, ní gáréèjì Iléṣà, lójú èrò, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Obìnrin onídọ̀tí!" Orúkọ yìí sáré ṣáájú rẹ̀ dé Òṣogbo, kò sí ilé oúnjẹ tó gbà á síṣẹ́ mọ́.

Mukhtar fẹ́ bá a sọ̀kalẹ̀. Nọ́síràtù fúnra rẹ̀ ló kọ̀ fún un.

"Dúró ti iṣẹ́ ẹ. Tá a bá jọ lọ, kí ni Màámà máa jẹ?"

4.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án gangan, Mukhtar pè é láti Ọ̀fàtẹ̀dó, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ó ti wakọ̀ láti ìdájí, ó ti dùbúlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé iná fún amúlétutù ń dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ẹ̀rín. Ẹja yín kò bá yín lọ o! Ó ṣì ń rùn níbí."

Nọ́síràtù kò rẹ́rìn-ín.

"Mukhtar, kò sẹ́ja níbẹ̀ mọ́. Kí ló wá ń rùn?"

"Èmi ò mọ̀ o. Mo sọ fún ọ̀gá láàárọ̀, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé."

"Pa jẹnẹrétọ̀ yẹn! Jáde níbẹ̀!"

"Ooru pọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n rẹjú díẹ̀, màá pa á tí mo bá jí."

Mukhtar pa fóònù. Nọ́síràtù tún pè é. Mukhtar kò gbé e mọ́. Nọ́síràtù fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó dé, àwọn aládùúgbò ń da iyanrìn, iná kò gbọ́. Ara ògiri tó fọwọ́ kàn níjọ́sí ló ti bẹ̀rẹ̀, ara ògiri yẹn sì ni bẹ́ẹ̀dì Mukhtar wà. Àwọn èèyàn dì í mú kó má bàa wọlé. Kò gbóòórùn ẹja mọ́.

Wọ́n sin Mukhtar kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá Ajíbádé ń sọ káàkiri pé ọmọ náà ló ń dáná nínú ọkọ̀: "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí lòun náà rí." Ṣùgbọ́n nínú eérú, wọ́n rí wáyà bàbà tó ká, níbi tó fi sí gan-an. Kò jó. Ó ti ṣèlérí pé kò ní jó.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ibi tí ẹ ń ki iná bọ̀ nínú ilé, nínú ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ọkọ̀ bá ń gbóná, bó bá ń dúdú, bó bá ń rùn bí ẹja níbi tí kò sí ẹja, nítorí bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà ara wáyà tó ń gbóná jù ṣe ń rùn, ẹ pa iná pátápátá, ẹ jáde. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tú u, kó dè é le. Bí fíùsì bá ń jó, ẹ wá ohun tó ń jó o. Ẹ má fi wáyà dípò rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ bá sì ní ògiri gbóná, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó bú u.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀gá Ajíbádé ló fi iná sórí òrùlé. Mukhtar ló sùn.

Ọ̀gá Ajíbádé, Nọ́síràtù ti dúró lẹ́nu géètì yín títí, ẹ kò ṣí i. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́. Ẹ padà sí gáréèjì Iléṣà, lójú èrò, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́: kì í ṣe ẹja.