Ajíbádé Ti Lọ Wẹ̀

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí Màmá Àgbà, Rẹ̀mílẹ́kún, yà sí gbọ̀ngàn etíkun tó ti ń jó rọ́kẹńróò nígbà sìsí rẹ̀. Ó mi ìdí ńlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúnkún ké, ó bú sẹ́rìn-ín.

Omi ń kán lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Ajíbádé ọmọ apẹja ló dúró síbẹ̀, kò dàgbà sí i rárá láti ọjọ́ tí òkun ti gbé e lọ.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ẹ rí Sìsí Rẹ̀mí? Ó ní kí n lọ wẹ òórùn ẹja kúrò lára kí n tó bá òun jó. Gbogbo wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Màmá Àgbà sorí kọ́ nítorí ìtìjú.

Ajíbádé nawọ́ tútù sí i. "Ẹ gbóòórùn mi wò. Ṣé ó ti tán?"

Òórùn iyọ̀ òkun nìkan ni Màmá gbọ́.

"Ó ti tán, ọmọ mi."

"Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un."