Ohun Tó Pọ̀ Jù Nínú Ẹrẹ̀

"Màámi, mo ti rí i! Orúkọ mi ni wọ́n máa fi pè é!"

Onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí náà ti pariwo sórí fóònù tán kó tó rántí pé ọ̀gá òun ò tíì wò ó. Purotéènì tí àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ odò ń ṣe ló fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀kan sì rèé tí kò rí irú rẹ̀ rí, tó pọ̀ ju ìyókù lọ.

Ọ̀gá rẹ̀ wọlé nínú súwẹ́tà onírun tí kì í bọ́ nítorí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo àgbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé o bo irùngbọ̀n yìí nígbà tí à ń po ẹrẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Purotéènì irun èèyàn nìyí. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀!"

Ojú tì í, ẹ̀rín ara rẹ̀ sì ń pa á. Ọ̀mọ̀wé ńlá! Ó wá ohun ìyanu lọ sódò, irùngbọ̀n ara rẹ̀ ló rí mú bọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pe màámi padà, mà."

"Dúró ná. Kí ló pọ̀ tẹ̀ lé e?"

Ó tún wo kọ̀ǹpútà. "Irun àgùntàn ni, mà."

"Àgùntàn kẹ̀? Ta ló mú àgùntàn wọbí?"

"Àwa méjì péré la jọ po ẹrẹ̀ náà, mà."

Ọ̀gá rẹ̀ wo apá súwẹ́tà rẹ̀. Ó rọra bọ́ súwẹ́tà, ó ká a sínú báàgì.

"Lọ bu ẹrẹ̀ mìíràn wá," ó wí, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún òtútù.