Mo Ti Pa Á, Kò Kú

Fóònù mi dún. Mi ò mọ nọ́mbà náà.

"Ṣé ọ̀gá nìyẹn?"

"Àwa náà ni."

"Ọ̀gá, mo ti pa á títí, kò kú o!"

Ẹ̀rín pa mí. Oníbàárà lèyí. Áàpù kékeré orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe tà, èyí tó sì ń tà jù ló máa ń pa áàpù olóríkunkun tó bá há.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tú u sílẹ̀. Ẹ máa kà dé ọgbọ̀n."

Bọ́tìnì pupa inú áàpù mi ni mò ń wí.

Ó ń kà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mò ń gbọ́ tí tábìlì ń mì gbàgbà. Inú ló ń bí i, mi ò dá a lẹ́bi.

"Ọgbọ̀n! Ọ̀gá, ó ti kú!"

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ wá jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ẹ má ṣẹ́ nǹkan kan kù o."

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fún áàpù wa ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí ayélujára.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, agbọ̀n yìí kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ṣé kí n gé e?"