Ọta Ńlá Tí Dwight Rà fún Èjìká Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìtàn yìí débi tó parí sí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn. Ó sì lè jẹ́ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nílé yín lọ́wọ́lọ́wọ́.

1.

Merle Hostetter ti ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín lórí òkè ní Pennsylvania kí wọ́n tó bí Dwight, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìbọn tó ń gba ọta kan péré ló ń lò láti kékeré. Tó bá ti yìn ín, ó parí nìyẹn. Nílé ọdẹ tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ kọ́ sínú igbó, ẹni tó bá yìnbọn tí ọta rẹ̀ kò ba ẹran, wọ́n á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri. Ògiri náà kún fún àkísà. Kò sí ti Merle níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àìsàn ọkàn mú bàbá yìí, dókítà la àyà rẹ̀. Ọdún yẹn ré e kọjá, kò lè wọ igbó, kò sì lè gbé ìbọn wúwo mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí òun tún jókòó sídìí igi òun lókè, kí òun pa ẹran kan sí i.

Dwight ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá ra èyí tó fúyẹ́."

Ó rà á lóòótọ́, ìbọn ọlọ́ta kan tó fúyẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ọta tí ẹ bá yàn fún un lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni yóò máa jẹ títí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

2.

Lorna, ìyàwó Dwight, bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ń ṣọdẹ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìbọn tàn.

"Mú èyí tó ń gba 243, ọta kékeré yẹn," ló sọ. "Ó ń pa àgbọ̀nrín dáadáa, kò sì ní gbá èjìká Bàbá."

"Ọta ọmọdé nìyẹn."

"Òun lèmi ń lò. Ẹran tí mo fi pa lọ́dún tó kọjá, ṣé ọmọdé ló bá mi jẹ ẹ́ tán?"

"Lorna, mágínọ̀mù, ọta ńlá yẹn, ni gbogbo wọn ń lò lókè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ìbọn tiwọn wúwo, ó máa ń gbà lára bí ọta ṣe ń gbá èèyàn léjìká. Èyí fúyẹ́, èjìká Bàbá ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Àbí ìwọ lo máa bá a yọ èjìká sí i?"

Ẹ gbọ́, kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni Dwight ń rò. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nídìí tábìlì ilé ọdẹ, tí wọ́n ń bi í pé ọta wo ló wà nínú ìbọn tuntun yìí, tí òun á dáhùn, tí gbogbo wọn á sì ké "háà". Nítorí "háà" yẹn ló ṣe mú mágínọ̀mù.

3.

Wọ́n lọ dán an wò lẹ́yìn ilé. Merle yìn ín, agolo tí wọ́n gbé kalẹ̀ fò dànù.

"Ó lágbára," ló wí.

"Ẹ tún yìn ín, Bàbá. Ó máa mọ́ yín lára."

Ẹ̀yin náà mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló rà á fún un, kò ní sọ pé ó ń dun òun. Ó yìn ín títí páálí ọta fi tán. Nígbà tó máa fi kù díẹ̀ kó tán, kí ìbọn tó dún ni ojú rẹ̀ ti ń dì nítorí ìrora tó ń bọ̀. Dwight rí i kedere. Kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ọwọ́ òsì ni Bàbá fi gbé kọfí. Lorna wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo fèrèsé.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìgbà ọdẹ, Merle àti Dwight jókòó sídìí igi lókè, yìnyín ti bo ilẹ̀. Akọ àgbọ̀nrín ńlá kan jáde, ó dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ wọ́n. Merle gbé ìbọn. Ojú rẹ̀ dì. Ìbọn dún, yìnyín fò sókè lábẹ́ ikùn ẹran, ẹran sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọta kejì.

"Mo tàsé," ni Bàbá sọ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó sídìí oúnjẹ nílé ọdẹ, Dwight ló fẹnu ara rẹ̀ tú u síta. "Bàbá tàsé lónìí o. Ara ti ń di ara àgbà."

Stush, ọ̀rẹ́ Merle àtìgbà èwe, fa ọ̀bẹ yọ. "Merle, ògiri yìí ti ń retí ẹ tipẹ́. Ó yá, kẹ́yìn sí mi."

"Gé e lára mi báyìí," ni Merle wí.

"Rárá o," ni Dwight sọ, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ bọ́ ọ, kí Bàbá Stush má lọ gé ohun tí kò ṣeé kàn mọ́ ògiri."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Merle wo ọmọ rẹ̀ títí, ó sì bọ́ ọ.

Èjìká bàbá náà dúdú láti ọrùn dé apá. Ó wú, etí ibi tó dúdú náà ti ń pọ́n bí ìyeyè. Ojú ibi tí dókítà là ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín dá lẹ́nu wọn.

"Dwight," ni Stush wí, "ọta wo ló wà nínú ìbọn yẹn?"

Ìbéèrè tó ti ń retí láti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ àwo rẹ̀, ó fi ohùn kékeré dáhùn.

"Sọ ọ́ sókè. Mi ò gbọ́."

"Mágínọ̀mù, sà."

Kò sẹ́ni tó ké háà. Stush gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó lóun ò gé nǹkan kan. Merle ló mú un, tó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Gé e. Mo tàsé. Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

Dwight gé e. Òun náà ló kàn án mọ́ ògiri.

Nígbà tí ọdún yípo, ó ra ìbọn mìíràn, èyí tó ń gba 243, ó gbé e pẹ̀lú páálí ọta kan lọ bá bàbá rẹ̀. Merle dúpẹ́, ó gbé páálí ọta sórí fíríìjì. Ó ní, "Mo ti ṣọdẹ tó, ọmọ mi." Páálí yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì já a. Nínú àwọn méjèèjì, Dwight nìkan ló ń lọ sílé ọdẹ báyìí. Àga tí wọ́n fi í sí kọjú sí ògiri. Tó bá ti gbójú kúrò nínú àwo, ìdí ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan fún òbí yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ra èyí tí ara wọn gbà, ẹ má ra èyí tí ẹ fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kò dun àwọn, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ife. Tí ẹ bá sì ti rí i, ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Dwight rí i, ó dákẹ́, bàbá rẹ̀ kò sì lọ sóko ọdẹ mọ́.