Ère Mẹ́ta Nínú Yàrá Aránṣọ

Kí Abẹ̀yìnwọlé tó di olorì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná ló máa ń gbà wọ ààfin. Awakọ̀ ọba á já a sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, á ká etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí ìdọ̀tí má baà kàn án, àwọn alásè á sì kọjú sí ìkòkò bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Àwọn náà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Ọba ìlú náà kì í ní ju aya kan lọ, nítorí náà nígbà tí àlè fẹ́ di aya, aya ní láti kó ẹrù. Ẹjọ́ tí wọ́n kà sí olorì àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀ kò ní òǹkà: wọ́n ní kò bímọ, wọ́n ní ó sanra jù, wọ́n ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọba lẹ́rìn-ín. Òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fún un ní ilé kékeré kan létí odò, ó gbé ológbò rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ náà, Abẹ̀yìnwọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó sì rọra dúró díẹ̀ kí àwọn alásè lè rí i dáadáa.

Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ìdí olorì tuntun kò tíì gbóná lórí àga tó fi ránṣẹ́ pe bíríkìlà pé kó wá mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Ó lé awakọ̀ náà. Ó kó gbogbo ọmọge kúrò nínú ilé, ó fi àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn rọ́pò wọn. Wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Olorì yìí gun àjà fúnra rẹ̀, ó ń wá pàṣán náà kiri kó lè dáná sun ún. Ó mọ bí àlè ṣe ń di olorì, ó sì mọ ibi tí wọ́n ń kó olorì tó bá ṣẹ́kù sí.

Kí ará ìlú má baà pè é ní ìkà, ó ní kí ọba máa lọ kí ìyálé òun létí odò ní Sátidé Sátidé. Ọba ní ó rẹ òun. Olorì ní kó lọ ṣá, kí àwọn èèyàn lè rí i. Ọba mí kanlẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú balùwẹ̀. Inú olorì bàjẹ́ gidigidi, torí ó mọ orin yẹn: ìgbà tí òun alára ń gba ẹ̀yìn wọlé ni ọba máa ń fi í súfèé. Irùngbọ̀n tí ọba kì í kà sí, ó ti ń gé e. Lẹ́yìn náà ni olorì gbọ́ pé ọba ti fi ṣẹ́dà búlúù ránṣẹ́ sí aránṣọ, kò sì sẹ́ni tó wá wọn òun.

Ó mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ìyá Aránṣọ ti wà láàfin láti ayé bàbá ọba, kì í sì í rán ẹ̀wù láìsí ère. Obìnrin tí ààfin bá ń dáṣọ fún ní láti ní tirẹ̀ nínú yàrá ìránṣọ: ère onígi, kò lórí, kò lápá, tí wọ́n fi òwú dì lára títí á fi rí bí ara oníǹkan gẹ́lẹ́. Bí àṣírí Abẹ̀yìnwọlé ṣe tú nìyẹn. Olorì àkọ́kọ́ wá wọ ẹ̀wù wò, ó bá ère tuntun kan tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín lójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Olorì tuntun kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Mama, ẹ má purọ́ fún mi. Ẹ ti ṣe ère tuntun, àbí?"

"Rárá o, Olorì. Mi ò ṣe ère tuntun kankan."

"Tí mo bá rí i ńkọ́? Ẹ máa kó abẹ́rẹ́ yín relé nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ ní kó wò ó fúnra rẹ̀. Ère mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti olorì tuntun wà lójú fèrèsé. Ti ìyá ọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú iké ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ bò ó. Olorì fa aṣọ náà kúrò, ó sì rí ère ìyálé rẹ̀, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Àgbá yìí ṣì wà níbí? Kí lẹ ń fi í ṣe?"

"Òwú ara rẹ̀ ni mo fẹ́ yọ, Olorì. Òwú gidi ni."

Olorì ní kó yọ ọ́ dáadáa, pé yóò kún ìrọ̀rí méjì. Ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Kò sí ère tuntun, kò sí obìnrin tuntun. A jẹ́ pé òun ni ọba fẹ́ fi ṣẹ́dà náà yà lẹ́nu. Ó ní kí Mama má jẹ̀ẹ́ kí ọba mọ̀ pé òun ti gbọ́, ó sì jáde. Láti orí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ tó ń rán ọba létí pé ọ̀la ni Sátidé, kó má gbàgbé ìyálé òun.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ ti lọ tán, Ìyá Aránṣọ gbé ère tó sanra náà wá sójú fèrèsé, ó ń yọ òwú kúrò níbàdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ìwọ̀n tuntun tí ọba fi ọwọ́ méjèèjì júwe fún un mu, ó sì fi ṣẹ́dà búlúù wọ̀ ọ́.